Fáànù kékeré tó ń han bí ẹ̀fọn: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Aláìfẹ́Ariwo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe, òru tí ilé bá ti pa rọ́rọ́ sì ni mo máa ń gbà á sílẹ̀. Graphics card tèmi (káàdì tó ń yọ àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) kì í ṣe èyí tó ń jẹ iná rẹpẹtẹ. 75 wáàtì ni gbogbo rẹ̀, ojú ihò PCIe tí wọ́n kì í bọ̀ lára motherboard (pátákó ńlá tó so ẹ̀yà kọ̀ǹpútà pọ̀) ló ti ń gbà á, kò nílò wáyà iná lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀! Ó kéré, ó ń sá eré àsápajúdé, ó sì ń han bí ẹ̀fọn tó há sínú etí. Kò sí ohun tí mo gbà sílẹ̀ tí n kì í gbọ́ ọ nínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ hùwà òmùgọ̀. Mo yọ wáyà fáànù náà, mo ní ṣebí káàdì kékeré ni. Mo gbé géèmù kan sí i láti dán an wò. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwòrán fi ń sún díẹ̀, tó ń dúró. Ooru ti kọjá 90°C, káàdì sì ti ń dín iyára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Mo sáré pa á.

Lẹ́yìn náà ni mo tú síkúrù rẹ̀, mo bọ́ ike àti fáànù kékeré yẹn kúrò, mo gbé fáànù onímìlímítà 120 lé irin heatsink (èyí tó ń fa ooru kúrò lára káàdì) lórí, mo fi okùn oníke tí wọ́n fi ń so wáyà dè é. Ó rí bí ẹrù olè, àmọ́ ó ṣiṣẹ́. Fáànù ńlá tó ń rọra yí lè gbé atẹ́gùn tó ti kékeré tó ń sáré, eré yẹn gan-an ló sì ń pariwo. Bí a bá dín ìyípo fáànù kan kù sí ìdajì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bí decibel 15 lọ sílẹ̀.

Ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá ti ara káàdì mu, mo bá kì í bọ motherboard. Ibẹ̀ ni wàhálà kejì ti yọjú: ooru CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ni motherboard ń wò, kò mọ ohun tó ń ṣe káàdì. Káàdì lè máa gbóná kó sì jẹ́ pé CPU ń sinmi, fáànù ò ní mira. Mo kúkú fi í sí ìyípo 700 ní ìṣẹ́jú kan, tọ̀sán-tòru. Kò kọjá 64°C mọ́. Ohun tí mo wá ń gbọ́ báyìí ni hard disk, tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń pariwo!

ÌyáKọ̀ǹpútà
Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n. GT 1030 ni tèmi, oní-30 wáàtì, èyí tí kò ní fáànù rárá. Mo rò pé mo ti ra ìdákẹ́jẹ́ wálé. Ó di 85°C! Àṣé bí àpótí kọ̀ǹpútà bá wà ní òòró, ńṣe ni heatsink dojú bolẹ̀, ooru fẹ́ gòkè, káàdì fúnra rẹ̀ sì bò ó bí ọmọrí ìkòkò. Àpótí mi ò sì ní fáànù kankan yàtọ̀ sí ti power supply (ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà). Mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó dín díẹ̀. Ìgbà tí mo fi fáànù kan síwájú nísàlẹ̀, ìyípo 600 péré, ló tó di 63°C. Káàdì aláìnífáànù kò sọ pé kí àpótí náà má ní.

(Ẹ̀yin tó ń ra GT 1030, ẹ wo ara páálí dáadáa: èyí tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ DDR4 kò yára tó èyí tí tirẹ̀ jẹ́ GDDR5, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́.)

Ògbólógbòó
Tèmi ń dún gìrìgìrì. Mo ká bébà àárín fáànù, mo kán òróró ẹ̀rọ ẹ̀kán kan sí i, ó dákẹ́. Oṣù mẹ́ta, ó tún dé. Mo pààrọ̀ fáànù. Àmọ́ nígbà tí mo tú u, thermal paste inú rẹ̀ (ọ̀rá tó ń gbé ooru bọ́ sára heatsink) ti gbẹ bí ẹfun. Mo nù ún kúrò, mo fi tuntun sí i, ooru fi 9°C wálẹ̀.

Etíkan
Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru fáànù o. Mo fi ìka dá àárín tèmi dúró, igbe náà ò dáwọ́ dúró. Coil (wáyà wíwé tó wà lára káàdì) ló ń ké, pàápàá nígbà tí géèmù bá ń yọ àwòrán ọgọ́rọ̀ọ̀rún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fi òté lé e ní 60, ó pa lọ́lọ́, fáànù pẹ̀lú wá rọlẹ̀.

ÌyáKọ̀ǹpútà
Ẹ̀gbọ́n Aláìfẹ́Ariwo, okùn oníke yẹn ò ní yọ́?

Aláìfẹ́Ariwo
Rárá, ooru tó lè yọ́ ọ kọjá 200°C. Oṣù kẹjọ rèé. Ẹ sáà gé ìrù rẹ̀ kúrú. N ò gé ọ̀kan dáadáa, ló bá ń gbá abẹ́ fáànù ta-ta-ta lóru, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mò ń wá eku kiri.