Ìpanu adẹ́rùbani tí a kò ní fi ààrò yan, fún ọjọ́ ìbí ọmọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi máa pé ọdún 6 ní Sátidé, ìpanu dídùn tó jọ sàréè ló ní òun fẹ́. Mi ò ní ààrò, nítorí náà ohun tí a kò ní yan ni mò ń wá.

Mo fẹ́ fọ́ bísíkíìtì ṣokoléètì kúnná bí erùpẹ̀, kí n dà á sórí kírímù nínú ife kéékèèké, kí n fi jẹlatíìnì (èròjà tó ń mú omi èso dì) ṣe ekòló tí yóò máa yọjú níbẹ̀. Ekòló yìí ló dà mí láàmú. Omi ọ̀pẹ̀yìnbó tútù ni mo fi ṣe é lánàá, kò dì rárá. Ẹ̀yìn náà ni mo mọ̀ pé ọ̀pẹ̀yìnbó tí a kò sè kì í jẹ́ kí jẹlatíìnì dì. Èso wo lẹ máa ń lò?

Tí mo bá tò ó sílẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, ṣé bísíkíìtì náà ò ní rọ̀? Ọmọ ọdún 2 kan sì ń bọ̀. Èso àjàrà ni mo fẹ́ fi ṣe ojú iwin, màá gé e sí mẹ́rin lóòró kó má baà há a lọ́fun. Àbí kí n fi í sílẹ̀ pátápátá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.