Báwo la ṣe lè mú báfúrùmù wa gbóná kí màmá lè wẹ̀ fọ́mọ?

Àbẹ̀kẹ́_Leeds:
Ẹ kú òtútù o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Ilé tí à ń gbé ní Leeds níbí, àwọn ilé bíríkì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn yẹn ni, báfúrùmù wà lẹ́yìn kíṣìnì pátápátá, ògiri mẹ́ta ló kọjú síta, òrùlé ẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Central heating, ìyẹn bọ́ílà tó ń gbé omi gbígbóná gba inú páìpù lọ sí àwọn rédíétọ̀ ara ògiri, ń ṣiṣẹ́ o, pálọ̀ gbóná, yàrá gbóná, àmọ́ tí a bá ti ṣílẹ̀kùn báfúrùmù báyìí, òtútù á kàn máa wọ èèyàn légungun. Rédíétọ̀ tó wà níbẹ̀ ni èyí tó rí bí àkàbà, tó ń dán, tí wọ́n fi ń sá táwẹ́lì.

Màmá mi ti dé láti Abẹ́òkúta wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, ẹ̀yin náà sì mọ bí àwọn màmá wa ṣe ń wẹ̀ fọ́mọ, kì í ṣe pé kí wọ́n kàn da omi sí i lára kó tán. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ látorí délẹ̀, wọ́n á wá fi òrí ra á lára, wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa kì í lọ, ọmọ á sì wà níhòòhò ní gbogbo àkókò yẹn. Kí wọ́n tó parí, àgbọ̀n ọmọ ti ń gbọ̀n, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti tutù nini. Màmá ní ká ra hítà kékeré oníná ká fa wáyà láti kíṣìnì wọ ibẹ̀. Ọkọ mi ní ká pààrọ̀ rédíétọ̀ sí ńlá, owó tí wọ́n sì pè fún un pọ̀. Kí ni ká ṣe?

Oníwáyà_Ọmọ_Ìbàdàn:
Àǹtí mi, ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ọlọ́run á wo ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè dá sí ọ̀rọ̀ wáyà yẹn: ẹ má ṣe é rárá. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe nílùú yìí. Ìdí tí ẹ ò fi ń rí sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú báfúrùmù wọn níbí, àfi ti ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n, tó sì jẹ́ okùn ni wọ́n ń fà láti tanná, ni pé ara tó bá tutù fún omi kì í dènà iná, iná á gba inú èèyàn kọjá wẹ́rẹ́. Ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ màmá, omi wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn tún ń tẹ wáyà mọ́lẹ̀, ẹ̀mí méjì ni ẹ fẹ́ fi wewu yẹn. Hítà oníná tí wọ́n ṣe fún báfúrùmù gan-an wà, òkè ògiri ni wọ́n ń kàn án mọ́, oníwáyà tó níwèé ló sì gbọ́dọ̀ so ó. Àmọ́ iná mànàmáná níbí tó bí ìlọ́po mẹ́rin owó gáàsì, hítà 2kW tí ẹ bá tàn fún wákàtí kan á jẹ yúnìtì 2, ó tó bí 50p. Ẹ kọ́kọ́ wo ti gáàsì tí ẹ ti ní nílé dáadáa.

Bọ̀dá_Bọ́ílà:
Òótọ́ ni oníwáyà sọ. Ẹ má tíì náwó kankan. Ẹ tan hítà ilé, tó bá ti ṣiṣẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ fọwọ́ tọ́ rédíétọ̀ yẹn wò láti ìsàlẹ̀ dókè. Tí ìsàlẹ̀ bá gbóná tí òkè tutù, atẹ́gùn ló há sínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè ló gbóná tí ìsàlẹ̀ tutù, ìdọ̀tí dúdú látinú irin tó ń dípẹtà ló ti kó jọ síbẹ̀, ìyẹn gba kí wọ́n fọ̀ ọ́. Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ti pálọ̀ sì gbóná janjan, a jẹ́ pé omi ò dé ibẹ̀ tó, torí ọ̀nà tó bá rọrùn ni omi ń gbà, àwọn rédíétọ̀ tó sún mọ́ bọ́ílà á gbà á tán, ti báfúrùmù tó wà nípẹ̀kun páìpù á máa gba ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fáàfù méjì, èyí tí kò ní nọ́ńbà, tó dé fìlà róbà, òun ni kí ẹ ṣí fìlà ẹ̀, kí ẹ fi sípánà yí ti pálọ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀ kó dín kù, kí ti báfúrùmù wà ní ṣíṣí pátá. Díẹ̀díẹ̀ ni o, ẹ yí i, kí ẹ fún un láyè kó gbóná, kí ẹ tó tún yí i.

Ibo tún ni thermostat yín wà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wo bí ilé ṣe gbóná tó, tó ń tan bọ́ílà tó sì ń pa á? Tó bá jẹ́ kọ́rídọ̀, tí kọ́rídọ̀ bá ti dé 20 á ní kí bọ́ílà sinmi, kò mọ̀ pé báfúrùmù ṣì wà ní 15. Ẹ dín rédíétọ̀ kọ́rídọ̀ kù bákan náà kó má tètè gbóná, bọ́ílà á lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú ewu ọmọ o. Táwẹ́lì mélòó ló wà lórí rédíétọ̀ yẹn? Kó gbogbo ẹ̀ kúrò! Àwọn tó ń dán yẹn kì í tú ooru sílẹ̀ tó èyí tí wọ́n kùn ní funfun, o wá tún da aṣọ bò ó, táwẹ́lì nìkan ló ń yá'ná. Èyí tí wọ́n máa fi wé ọmọ nìkan ni kó wà níbẹ̀. Ṣètò hítà kó ti bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú ìwẹ̀, ti ilẹ̀kùn pa, ká aṣọ dí abẹ́ ẹ̀. Wo fáànù ara ògiri náà, tí ìdérí ẹ̀ níta kò bá padé mọ́, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Má dí i pa ṣá o, wọ́n gbọ́dọ̀ tàn án lẹ́yìn ìwẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èbu dúdú á bo òrùlé, èbu ò sì dáa fún àyà ọmọ tuntun.

Ní báyìí ná, ta ló ní báfúrùmù ni dandan? Tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ ní pálọ̀ tó ti gbóná, gbé abọ́ ìwẹ̀ síbẹ̀, gbé àpótí màmá tì í. Ibẹ̀ ni mo ti wẹ̀ fáwọn ìbejì mi títí òtútù fi lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds:
Ẹ ṣeun gan-an, màmá, ẹ̀yin bọ̀dá náà. Pálọ̀ la máa lò lónìí, màmá mi ti gbà. Mo ti tọ́ rédíétọ̀ wò, ìsàlẹ̀ gbóná, láti ìdajì lọ sókè tutù. Ṣé mo lè tú atẹ́gùn ọ̀hún fúnra mi?

Bọ̀dá_Bọ́ílà:
Ẹ lè tú u. Ẹ pa hítà, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ ra kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀, kò wọ́n, ẹ fi sí ihò kékeré tó wà lókè, ẹ gbé àkísà sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ yí i sápá òsì díẹ̀, ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ máa gbọ́ tó ń dún ṣìììì, tó bá ti dákẹ́ tí omi ń jáde, ẹ tì í padà. Lẹ́yìn náà ẹ wo aago ara bọ́ílà tó ń fi bí omi ṣe ń tì tó nínú páìpù hàn, láàárín bar 1 sí 1.5 ló yẹ kó wà nígbà tó bá tutù. Tó bá ti wálẹ̀ ju ìyẹn, ẹ ṣí fáàfù páìpù kékeré tó ń bu omi kún un títí á fi dé ibẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹ tì í pa. Tó bá ṣì ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Ẹ má ṣí ìdérí bọ́ílà fúnra yín o, ẹni tó ní káàdì Gas Safe, ìyẹn ìwé àṣẹ àwọn oníṣẹ́ gáàsì níbí, ni kí ẹ pè.