Anubias nínú ìgò: funfun bí omi ogì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà

Ewé-Odò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Anubias nana, ewéko odò kan, ni mo ń gé sínú ìgò ágà (oúnjẹ ewéko tó ń dì bíi jẹ́lì) kó lè di púpọ̀. Ìṣẹ́jú 10 ló ń lò nínú Jik, mo sì ń fi omi tó ti jinná ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgò á mọ́ kedere títí di ọjọ́ kẹfà, kí nǹkan funfun bí omi ogì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nídìí rẹ̀. Ṣé kí n fi kún Jik ni, àbí ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ tí mo fi ń se ìgò àti ágà ni kò ṣiṣẹ́?

Aláàgà:
Ẹ má fi kún un. Tó bá jẹ́ ìkòkò ni, ìgò tẹ́ ẹ ò fi nǹkan kan sí náà á bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí atẹ́gùn, á hu bí òwú níbikíbi lójú ágà. Èyí tó ń tú jáde lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà nìkan, kòkòrò inú ewéko fúnra rẹ̀ ni, Jik ò sì lè dé ibẹ̀.

Ìyá ewéko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Lórí òkúta etídò ni Anubias ń hù ní Kamẹrúùnù, kì í kú tó bá kúrò lábẹ́ omi. Ẹ gbìn ín sórí èérún èèpo àgbọn tó tutù, ẹ fi ike bò ó, kí omi má kan ewé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ojú tuntun (ibi tí ewé ti ń rú) tó bá yọ ni kẹ́ ẹ gé.

Ọ̀bẹ Tútù:
Kí ojú náà kéré o, bíi mílímítà 5, láìsí gbòǹgbò kankan lára. Ẹ́tánọ́lù 70% fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn náà, Jik 3.5% mílílítà 30 sínú omi mílílítà 70, ẹ kán ọṣẹ ìfọwo sí i, ẹ máa mì ín fún ìṣẹ́jú 12. Etí tí Jik bá sọ di funfun ti kú: ẹ gé e dànù kẹ́ ẹ tó gbìn ín, àmọ́ kí ọ̀bẹ tẹ́ ẹ fi iná sun ti tutù.

Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ágà tó ní MS (iyọ̀ oúnjẹ ewéko) lásán, ẹyọ kan nínú ìgò kan. Èyí tó bá mọ́ ló ń lọ sórí BAP (èròjà tó ń mú kí ewéko yọ ẹ̀ka).

Ewé-Odò:
Ẹ ṣeun. BAP mélòó? Ágà mi náà kì í dì, ṣe ló máa ń rí bí ẹ̀kọ tí kò jinná.

Aláàgà:
Fún lítà kan: MS gíráàmù 4.4, ṣúgà 30, ágà 7, BAP mílígíráàmù 2. Ẹ mú pH (ìwọ̀n kíkan rẹ̀) dé 5.8 kẹ́ ẹ tó da ágà sí i. Tó bá wá sísàlẹ̀ 5, kò ní dì. BAP àpọ̀jù àti ágà tó rọ̀ ló ń sọ ewé di bíi gíláàsì. Ní ti ìkòkò, ẹ jẹ́ kí ooru fọn fún ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó gbé ìwọ̀n lé e, torí atẹ́gùn tó há sínú kì í jẹ́ kó dé 121°C. Ẹ wá ka ìṣẹ́jú 20.

Ọ̀bẹ Tútù:
Ẹ má sì tú kápúsù apakòkòrò sínú ágà. Á kàn tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ ni, kò ní pa á. Tẹ́ ẹ bá ti gbé ewéko náà sínú ìgò mìíràn, omi ogì yín á tún yọ.