Gbèsè wọ̀ mí lọ́rùn ní Gbági: ọ̀nà wo ni kí n tọ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ tí ẹ mọ̀ nípa òwò àti òfin, mo kí yín. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági Tuntun, ní Ìbàdàn. Nígbà tí aṣọ gbówó lórí, mo yá mílíọ̀nù 4 náírà ní báńkì kékeré kan, ṣùgbọ́n ọjà kò yá, èlé sì ń gorí èlé.

Orúkọ òwò nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kì í ṣe kọ́ńpánì. Ó yé mi pé, nítorí èyí, òfin kò ya gbèsè ìsọ̀ mi sọ́tọ̀ kúrò lára tèmi, àti pé àdéhùn pẹ̀lú àwọn tí a jẹ ní gbèsè, èyí tí CAMA, òfin kọ́ńpánì ti 2020, là sílẹ̀ fún kọ́ńpánì, kò kàn mí. Ọ̀nà kan tó wà ni kí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ kéde pé n kò lè san gbèsè mọ́.

Báńkì náà ti ń fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ṣe onídùúró fún mi, ni ọkàn mi ò balẹ̀ lé lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìkéde ilé ẹjọ́ yóò gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, àbí kí n kọ́kọ́ bẹ báńkì kí wọ́n fa àkókò ìsanwó gùn fún mi? Ṣé ilẹ̀ tí mo rà ní Olódó yóò bá gbèsè náà lọ?