"Jí" kọ́ ni búùtù, "gbéra" ni

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní "jí" ni ká máa pe búùtù (boot), ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti ìgbà tí a bá tàn án títí tó fi ṣetán fún iṣẹ́, ká máa sọ pé "mo jí kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì". Mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n dì mọ́ yín díẹ̀.

Ohun tó bá sùn ló ń jí. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ pa dé, tí ẹ ṣí lẹ́yìn wákàtí méjì, tí iṣẹ́ yín ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí, ìyẹn ló jí. "Tàn" náà ò tó. Wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà tó tàn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Tanke, n'Ílọrin: fáànù ń yí, iná ń ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó tàn, kò búùtù.

Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi ẹni tó di okùn ẹ̀yìn bàtà ara rẹ̀ mú, tó ní òun fẹ́ fi í fa ara òun sókè, ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni "boot", tí í ṣe bàtà, ti di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ètò kékeré tó wà nínú ṣíìpù orí bọ́ọ̀dù, BIOS tẹ́lẹ̀, UEFI lóde òní, á kọ́kọ́ yẹ ara ẹ̀rọ wò, á wá ètò kékeré mìíràn kàn lórí díìsìkì tàbí fíláàṣì, èyí náà á wá gbé Windows tàbí Linux, ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, wọlé. (Ẹni tó ní ká pè é ní "ìwọbàtà", ẹ ṣé, a rẹ́rìn-ín.)

"Gbéra" lèmi fara mọ́. Ẹni tí wọ́n dá mọ́lẹ̀ tó dìde fúnra rẹ̀, ó gbéra nílẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ọmọ Ọlálọmí, ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. "Láti orí" yẹn pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí arúgbó ṣe ń fi ọ̀pá dìde ni kọ̀ǹpútà ṣe ń fi fíláàṣì gbéra. "Fíláàṣì ìgbéra" ni èyí tí wọ́n fi ètò Rufus kọ ISO (fáìlì tó kó gbogbo Windows tàbí Linux sínú) sí. Èyí tí wọ́n kàn da fáìlì ISO sí, ẹrù lásán ló rù. Ojú ìwé tí bọ́tìnnì F12 sábà máa ń gbé wá lórí Dell, tàbí F9 lórí HP, ká lè yan ohun tí kọ̀ǹpútà máa fi gbéra, á di "ojú ìyàn ìgbéra".

Òótọ́ ni pé a máa ń gbéra n'Ílọrin lọ sí Òmù-Àrán. Kò sẹ́ni tó máa rò pé kọ̀ǹpútà wọ mọ́tò.

Secure Boot nìkan ló dá mi dúró, èyí tó máa ń dènà ètò tí kò bá ní ìbuwọ́lù tó mọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń gbéra. "Ìgbéra aláàbò" dún létí mi bí ìrìn-àjò gómìnà. Ẹ bá mi wá òmíràn.