Agbègbè wo ní ilẹ̀ Jàpáánì ni kí a lọ ní ìgbà ooru yìí?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìrìn-àjò tí a fẹ́ lọ sí Jàpáánì ní ìgbà ooru yìí ti fẹ́ da àárín èmi àti ọkọ mi rú. Ọkọ mi ní Kyoto ni dandan nítorí àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ibẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń bá wa lọ ní òkun Okinawa nìkan ni òun fẹ́. Èmi fẹ́ rí oko òdòdó láfẹ́ńdà ní Furano, ní erékùṣù Hokkaido. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi ni mo ń ṣe gbogbo ìwádìí, síbẹ̀ tí mo bá dá àbá, àbúrò ọkọ mi a ní kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Lójú gbogbo ẹbí ló ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi kò sì bá a wí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Oṣù wo ni ẹ ń lọ? Oṣù keje ni láfẹ́ńdà Furano máa ń tanná dáadáa, ìgbà náà gan-an ni òjò ṣì ń dààmú Kyoto títí di nǹkan bí àárín oṣù.

Àkànní: Kyoto ni kí ẹ lọ. Èmi àti ìyàwó mi bá ọdún Gion pàdé níbẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù keje, ọjọ́ tí wọ́n máa ń fa àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kiri ìgboro. A rí bí wọ́n ṣe tẹ́ ọparun tí wọ́n là sábẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, tí wọ́n da omi sí i, kí wọ́n tó lè yí i ní oríta. Ooru mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n a fara dà á.

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ̀gbọ́n Àkànní, kì í ṣe gbogbo ara ló lè fara dà á. Òkè ló yí Kyoto ká ní ọ̀nà mẹ́ta, atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè fẹ́. Ooru ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òru náà kì í sì í tutù. Ọdọọdún ni ooru ń pa ènìyàn ní Jàpáánì, àwọn àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àdùkẹ́, ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bi yín.

Àdùkẹ́: Ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni. Ọkọ mi fẹ́ rí iná tí wọ́n máa ń dá sórí òkè márùn-ún ní Kyoto ní alẹ́ ọjọ́ 16.

Ìyá Ìbejì: Ní àkókò yẹn, láfẹ́ńdà ti tán. Àsìkò Obon ni, tí àwọn ará Jàpáánì ń padà sílé lọ ṣe ìrántí àwọn òkú wọn, ọkọ̀ ojú irin á sì kún fọ́fọ́. Ní ti Okinawa, ìgbà ìjì líle ni. Ìjì ti sé èmi àti àwọn ọmọ mi mọ́ ilé ìtura níbẹ̀ rí, a kò rí òkun náà dé. Hokkaido ló tutù jù.

Àkànní: Ẹni tó bá fẹ́ òtútù ì bá kúkú jókòó sílé.

Àdùkẹ́: Hokkaido ni mo ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Osaka ni bàálù wa yóò balẹ̀ sí, a ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì náà, wọn kì í dá a padà. Ìyá ọkọ mi náà ń bá wa lọ. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn. N kò dárúkọ wọn nítorí pé wọn kò yan ibì kankan.

Olùkọ́ Àgbà: Ìyá ni ẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ! Ẹ wo Koyasan, ìlú orí òkè kan ní gúúsù Osaka. Ó ga tó nǹkan bí mítà 800, nítorí náà ó tutù ju Kyoto lọ, ọkọ̀ ojú irin sì ń lọ síbẹ̀ láti ibùdókọ̀ Namba ní Osaka. Tẹ́ńpìlì ló kún ibẹ̀ láti ìgbà tí Kukai, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 816, wọ́n sì ń gba àlejò sùn nínú wọn. Ọkọ yín lè ti Osaka lọ wo iná Kyoto ní alẹ́ kan ṣoṣo.

Ìyá Ìbejì: Ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ ibùsùn sí nínú tẹ́ńpìlì wọ̀nyẹn. Báwo ni Ìyá yóò ṣe dìde? Ẹ wá èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì, tàbí kí ẹ wọ bàálù láti Osaka lọ sí Sapporo, ní Hokkaido. Nǹkan bí wákàtí méjì ni.

Àdùkẹ́: N óò bi Ìyá lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àbúrò ọkọ mi pé kò sí Okinawa mọ́?

Olùkọ́ Àgbà: Ọkọ yín ni. Ẹ tètè gba yàrá, Obon kò jìnnà mọ́.