Àbúrò mi já bọ́ láti orí òrùlé, ìwà rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Ìgbógbó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní Ìkòròdú níbí, ẹ̀kọ ni mò ń tà. Àbúrò mi ọkùnrin, kápẹ́ńtà, ọmọ ọdún 34, já bọ́ láti orí òrùlé tí wọ́n ń kàn, orí ló fi balẹ̀. Odidi ọjọ́ 9 ni kò fi lajú. Oṣù kẹrin rèé tó ti kúrò ní ọsibítù, ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Ọmọ tí kì í gbóhùn sókè sí ìyá wa ti bú wọn lójú mi lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ará ilé bá tan jẹnẹrétọ̀, á fọwọ́ méjèèjì bo etí, á máa ké. Á jẹ àmàlà tán, á ní òun ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ilé ìwé dé, ó wò ó títí, orúkọ mi ló fi pè é. Ọmọ náà lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé tépù rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó fà á jáde, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀kọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọ̀kan kúrú. Òótọ́ ni! Ọjọ́ ti pẹ́ tí tábìlì yẹn ti ń mì. Báwo lẹni tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe mọ ìyẹn?

Àwọn ará ilé ní àsàsí ni, wọ́n ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ baba kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé á padà bọ̀ sípò?

Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà, Owútù:
Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ọkọ̀ ló gbá ọkọ mi, ọdún kẹta rèé. Òun náà bú mi, ó ju abọ́ lù mí, èmi náà sì ń fèsì. Nígbà tó yé mi pé ibi tó fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu nínú ọpọlọ gan-an ló fara pa, mo jáwọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mà á pa rédíò, mà á ní káwọn ọmọ bọ́ síta, mà á dákẹ́. Tó bá yá, á bi mí pé kí ló dé tójú mi pọ́n.

A lẹ pépà mọ́ ògiri: "O ti jẹun àárọ̀. Ìyàwó rẹ lọ sí Sábó, aago 4 ló ń bọ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi bírò sàmì sí i. Ẹ sì jẹ́ kó máa sùn lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ lásán máa ń rẹ̀ wọ́n bí ẹni tó roko.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èyí kì í ṣe àsàsí. Iwájú ọpọlọ ló ń ṣàkóso sùúrù àti ìwà, ibẹ̀ sì wà lára ibi tó máa ń fara gbá jù tí orí bá lulẹ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ̀ dunjú kì í gbé ibì kan náà pẹ̀lú orúkọ èèyàn nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi mọ tépù lò. Má jẹ́ kí tépù yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọmọ rẹ̀ máa bá a di orí tépù náà mú, kó máa sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un. Ẹ má máa dán an wò pé "ta nìyí?"

Oṣù 6 àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń yára gbádùn jù, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ṣì ń sàn sí i lẹ́yìn ọdún 2. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ló ń padà. Ọtí, rárá, títí kan paraga. Àkàbà àti ọ̀kadà, rárá. Wárápá lè tẹ̀lé irú ìpalára yìí: tó bá mú un, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù ni kíá.

Irú ọ̀dọ̀ baba bẹ́ẹ̀, mo ti gba àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níbẹ̀ sí wọ́ọ̀dù, ọwọ́ wọn ti bó. Má gbé e lọ. Àwọn ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà àti Ìkẹjà ní àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní rírìn padà.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Ìgbógbó:
Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyá wa, wọ́n ní a ò lọ síbì kankan mọ́. Lónìí, ọmọ náà di orí tépù mú, ó ní, "Dádì, èmi Àdùkẹ́ ni." Kò dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Àdùkẹ́, dì í mú dáadáa." Àmọ́ lálẹ́, ó tún ti ń fi orúkọ mi pè é. Wọ́n ní fèrèsé làwọn máa wọ̀n lọ́la.